Ọkọ̀ Tí Yóò Sáré Lónìí, Tí Yóò sì Ṣiṣẹ́ Lọ́la

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àgbẹ̀, mọlémọlé àti gbẹ́nàgbẹ́nà púpọ̀ ni ó ń lo ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Awakọ̀ a jókòó ní iwájú, ẹ̀yìn ọkọ̀ a sì ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Irú ọkọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́: òun ni àwọn awakọ̀ ń pè ní bàṣé. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Láti ọdún 1977, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn tí wọ́n ń rà tó F-Series ti ilé iṣẹ́ Ford. Láàárín ọ̀sẹ̀, bàṣé ń ru sìmẹ́ńtì, pákó àti koríko màlúù. Nígbà tí ọjọ́ Sátidé bá dé, àwọn oníbàṣé kan a máa wa ọkọ̀ kan náà lọ sí pápá ìsáré ọkọ̀, láti mọ bí ó ṣe lè yára tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti le. Ọkọ̀ tí a ṣe fún eré nìkan, orí ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa ń gbé e sí títí dé pápá. Bí ó bá bàjẹ́, wọn a tún gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàṣé ni yóò gbé ẹni tí ó ni ín lọ, òun ni yóò gbé e bọ̀, òun náà ni yóò sì gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó bá ba ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sán Sátidé ti ba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ jẹ́.

Pápá tí à ń wí yìí, tí wọ́n ń pè ní drag strip ní èdè wọn, kò ní kọ́nà kankan. Ọ̀nà títọ́ ni, tí a pín sí méjì ní gígùn. Ọkọ̀ méjì yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí iná bá fún wọn ní àṣẹ, wọn yóò sáré láti ojú kan náà dé òpin. Gígùn pápá náà jẹ́ mítà 402, ìyẹn bí ìgbà tí a bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn. Pápá mìíràn wà tí kò ju ìdajì rẹ̀ lọ, mítà 201. Ọkọ̀ tí ó yára jù lọ nínú eré yìí, tí kò wúlò fún iṣẹ́ mìíràn láyé, a máa sá mítà 305 kí ìṣẹ́jú àáyá 4 tó pé, ìyára rẹ̀ a sì ju kìlómítà 500 ní wákàtí lọ. Bàṣé tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kò sí ní ẹgbẹ́ ìyẹn. Òun a máa sá mítà 402 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14 sí 17, a sì máa kọjá òpin pápá pẹ̀lú ìyára kìlómítà 130 sí 160 ní wákàtí. Ìyẹn pàápàá kì í ṣe eré ọmọdé.

Ohun tí ó bí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ikú ojú títì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ California a máa ra ọkọ̀ àlòkù, wọn a tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ó lè lágbára sí i, wọn a sì máa fi í díje ní òru ní ojú títì tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà. Ọ̀pọ̀ ni ó bá a lọ, àti àwọn tí ń sáré àti àwọn tí kò mọ ohun kan nípa eré náà. Ní ọdún 1950, C. J. Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí pápá kan ní Santa Ana, ní orí ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń gbéra. Ní ọdún 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀, láti kó eré náà kúrò ní ìgboro, kí wọ́n sì fún un ní òfin. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe ìdíje ńlá àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1955, ní Great Bend ní ìpínlẹ̀ Kansas, pápá ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ológun ti lò nígbà ogun ni wọ́n lò. Nítorí náà, bí òfin pápá bá dà bí ohun tí ó le jù lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó rántí ibi tí òfin náà ti wá.

Ọ̀pọ̀ oníbàṣé tí ó bá fẹ́ lọ sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí ọjà ohun èlò ọkọ̀. Ó fẹ́ ra èyí tí yóò fi kún agbára ẹ̀rọ. Àṣìṣe ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí kò tíì mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ rẹ̀ fi ń sá pápá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ohun tí ó rà ṣe é lóore? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ bá ṣe wà gan-an ni kí a gbé e lọ. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ara ọkọ̀ wò àti yíyọ ohun tí kò yẹ kúrò. Fífi nǹkan kún un kò sí níbẹ̀.

Ìjánu ni ó yẹ kí ó ṣáájú, èyí tí àwọn kan ń pè ní bíréèkì, tí àwọn mìíràn ń pè ní fùrẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ sáré, kí ni ó ń wá níbi ìjánu? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bàṣé òde òní wúwo tó 2,000 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó di ẹrù kankan sí i. Bí ìyára ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìjánu gbọ́dọ̀ pa di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìyára bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tí kì í kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí láàárín ìlú, tí ó wá dé òpin pápá pẹ̀lú 150, ti béèrè lọ́wọ́ ìjánu rẹ̀ ohun tí kò béèrè rí láti ìgbà tí ó ti ra ọkọ̀ náà. Nítorí náà, kí ó tú táyà wò ní ilé. Kí ó wo bí awọ ìjánu ṣe nípọn tó, kí ó wo epo ìjánu bóyá ó pé, kí ó sì tẹ ẹsẹ̀ ìjánu mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹsẹ̀ ìjánu bá ń rọ̀ tàbí tí ó ń rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọkọ̀ náà má lọ sí pápá. Ká sòótọ́, kò yẹ kí ó lọ sí ọjà pàápàá.

Ẹ̀yìn ìjánu ni táyà. Ohun tí ó wà ní abẹ́ kókó yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ń gun ọkọ̀ ní Kútọnu tàbí ní Sakété, ì báà má tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ pápá ìsáré. Ẹni tí ó ti mọ nọ́ńbà kà lè mọ ọjọ́ orí táyà, nítorí pé a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó wá ibi tí a kọ DOT sí. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà yóò tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni kí ó kà. Bí ó bá rí 2319, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí máa ń wà. Bí kò bá sí ní ìta, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ inú. Rọ́bà máa ń gbó bí a kò bá tilẹ̀ lò ó. Táyà lè dúdú, kí ó máa dán, kí ilà rẹ̀ sì jìn, síbẹ̀ kí ó ti gbó ju ẹni tí ó ń tà á ti sọ lọ.

Lẹ́tà kan tún wà tí ó sọ ìyára tí táyà lè gbà. Ká ní a kọ 265/70R17 115T sí táyà kan. T tí ó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Q túmọ̀ sí pé kí a má fi táyà náà kọjá kìlómítà 160 ní wákàtí. R jẹ́ 170, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190, H jẹ́ 210. Àwọn táyà ńláńlá tí ilà wọn jìn, tí a ṣe fún ọ̀nà oko àti ẹrẹ̀, Q ni ó wà lára púpọ̀ nínú wọn. Bàṣé tí ó ní agbára, tí ó sì wọ irú táyà bẹ́ẹ̀, lè dé òpin ohun tí táyà rẹ̀ gbà kí ó tó dé òpin pápá. Kò sí ẹni tí yóò pariwo sí awakọ̀ láti sọ èyí fún un. Lẹ́tà kékeré yẹn nìkan ni ó ń sọ ọ́. Bí ara táyà bá ti là, tí ó wú níbì kan, tàbí tí okùn inú rẹ̀ ti hàn síta, àwọn olùyẹ̀wò pápá kò ní gba ọkọ̀ náà wọlé rárá.

Afẹ́fẹ́ táyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Táyà ẹ̀yìn ni ó máa ń ti bàṣé púpọ̀ síwájú. Ẹni tí táyà rẹ̀ gba kílò 2.4 lè dín ti ẹ̀yìn kù sí nǹkan bí 2, kí rọ́bà lè tẹ́ mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Kí ó má dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì mú ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́ dání, nítorí ọ̀nà ilé. Kí ó fún nọ́ọ̀tì gbogbo táyà le, kí ó sì yọ ìdérí tí ó bo àárín táyà kúrò, nítorí pé olùyẹ̀wò yóò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn nọ́ọ̀tì náà.

Ẹ̀yìn bàṣé fúyẹ́ nígbà tí kò bá sí ẹrù. Èyí ni àìsàn rẹ̀ ní pápá: bí awakọ̀ bá tẹ epo lójijì, táyà ẹ̀yìn a máa yí lójú kan, ọkọ̀ kò sì ní kúrò. Kíá ni ọgbọ́n kan máa ń wá sí àwọn ènìyàn lọ́kàn: kí a ju àpò iyanrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀. Òfin NHRA kọ̀ ọ́ pátápátá. Iyanrìn, òkúta, omi, táyà ìrọ́pò tí a kò dè, kò sí èyí tí wọ́n gbà nínú wọn láti fi mú ọkọ̀ wúwo. Ẹrù tí a bá fẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ìjánu bá mú ọkọ̀, kò mú àpò iyanrìn. Àpò náà yóò máa bá ìrìn tirẹ̀ lọ, yálà ó gba ẹ̀yìn orí awakọ̀ tàbí ó ré bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí a kó gbogbo ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò: ṣọ́bìrì, jáàkì, ẹ̀wọ̀n, táyà ìrọ́pò, àpótí irinṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a wọ inú ọkọ̀, kí a wo abẹ́ ìjókòó. Ìgò omi kan ṣoṣo tí ó bá yí wá sí abẹ́ ẹsẹ̀ ìjánu ní òpin pápá ti tó láti sọ ọjọ́ ayọ̀ di ọjọ́ ẹkún. Ó yani lẹ́nu bí ìgò ti máa ń pọ̀ tó ní abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí àwọn alábòójútó pápá kórìíra jù ni ọkọ̀ tí ń jò. Epo ẹ̀rọ tí ó bá kán sí ojú ọ̀nà ń dúró de ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn yóò sì yọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo eré yóò dúró títí wọn yóò fi fọ ibẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí oníbàṣé tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀. Ní òwúrọ̀, páálí yóò sọ òtítọ́ fún un. Kí ike tí ń gba omi tí ó bá hó jáde láti inú rédíétọ̀ wà ní ipò rẹ̀, kí ó sì gbà tó ìdajì lítà. Kí bátìrì má mì rárá bí a bá fi ọwọ́ mì ín.

Ní ti awakọ̀ fúnra rẹ̀, ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù tí ó ní apá àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni òfin béèrè. Kí ó fi sálúbàtà sílé. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá mítà 402 ní ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí tí ó yára jù bẹ́ẹ̀, àṣíborí di dandan fún awakọ̀ rẹ̀, ìyẹn kásìkì tí àwọn zémidjan mọ̀. Bí ọkọ̀ kò bá tilẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ènìyàn kò ní dé e?

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọn a fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ojú dígí, oníbàṣé a sì to ẹ̀yìn àwọn yòókù. Bí ó ti ń sún mọ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀, yóò rí ibi tí a da omi sí. Àwọn ọkọ̀ tí ó ní táyà eré a máa wọ inú omi náà, wọn a yí táyà wọn lójú kan títí èéfín yóò fi bo gbogbo ilẹ̀, kí rọ́bà lè gbóná kí ó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Èéfín náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí oníbàṣé yà fún omi náà, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilà táyà ojú títì yóò gbé omi lọ sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò sì máa yọ̀ fún òun àti fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, kí ó ti pa ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, torí pé omi máa ń kán láti ara rẹ̀.

Òpó kan dúró ní àárín ọ̀nà méjèèjì, iná wà lára rẹ̀ bí ti igi Kérésìmesì. Ọdún 1963 ni òpó iná yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ọkùnrin tí ń fi àsíá ju ọwọ́. Ìtànṣán tí ojú kò rí kọjá lórí ilẹ̀. Bí táyà iwájú bá kan ìtànṣán àkọ́kọ́, iná kékeré kan á tàn lókè òpó. Bí ó bá kan ìkejì, òmíràn á tàn, ọkọ̀ ti dúró sí ipò rẹ̀ nìyẹn. Kí awakọ̀ rọra wọ ibẹ̀ bí ẹni tí ń wọ yàrá ọmọ tí ó sùn. Lẹ́yìn náà ni iná àwọ̀ ìyeyè mẹ́ta yóò tàn tẹ̀ lé ara wọn, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iná àwọ̀ ewé tó tàn. Ẹni tí ó bá kúrò kí ó tó tàn yóò rí iná pupa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tí ó sì yẹ kí ó fi ọkàn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé balẹ̀. Aago tí ń ka eré ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá tàn. Ìgbà tí táyà iwájú bá kúrò lórí ìtànṣán ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí awakọ̀ bá wo iná àwọ̀ ewé títí, tí ó mí kanlẹ̀, kí ó tó lọ, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ rẹ̀ fi sá pápá kò ní yí padà. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ìkánjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ó tẹ epo díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbéra, kí ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó dúró sí ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ariwo tí kò mọ̀, tàbí tí ó rí iná pupa lójú aago ọkọ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀, kí ó sì fà sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ó bá kọjá òpin, kí ó má tẹ ìjánu bí ẹni tí ó rí ejò. Ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú tí a fi sílẹ̀ fún dídúró.

Ní ọ̀nà àbọ̀, wọn yóò fún un ní ìwé kékeré kan. Ìwé náà ni èrè ọjọ́ náà. Ó sọ bí awakọ̀ ṣe pẹ́ tó kí ó tó kúrò lẹ́yìn iná. Ó sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi sá mítà 18 àkọ́kọ́, ìdajì pápá, àti pápá lódindi. Ó sì sọ ìyára rẹ̀ ní òpin. Ká ní a kọ 15.90 àti 87 sí i: ìṣẹ́jú àáyá 15.90 ni ọkọ̀ fi sá mítà 402, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 87 ní wákàtí, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 140. Ẹni tí ó bá gbọ́n a máa kọ́kọ́ wo mítà 18 àkọ́kọ́. Bí ó bá mú ibẹ̀ dára sí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, gbogbo nọ́ńbà tí ó kù yóò dára sí i, kò sì ní ná kọ́bọ̀. Kí ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, kí ọkọ̀ sinmi kí ó tutù, kí ó tó tún lọ.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni ọkọ̀ akẹ́rù ń wá láàárín àwọn ọkọ̀ eré? Ní ọdún 1991, ilé iṣẹ́ GMC gbé bàṣé kan jáde tí ń jẹ́ Syclone. Àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ fi í díje pẹ̀lú Ferrari ní mítà 402, Syclone sì borí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ilé iṣẹ́ náà ní kí a dì sí i kò ju nǹkan bí 227 kílò lọ: kò tó àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún! Mọlémọlé wo ni yóò ra ìyẹn?

Ọ̀nà tí ó tọ́ sí bàṣé ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Irú ìdíje kan wà tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti máa ń kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò lò sí ojú dígí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí bàṣé bá kọ 16.00, tí ọkọ̀ eré bá kọ 12.00, bàṣé yóò kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ṣíwájú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni ó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára ju ohun tí ó kọ lọ ti pàdánù, àyàfi bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ṣẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè purọ́ nípa ọkọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, àgbà ọkọ̀ tí ìrìn rẹ̀ kì í yí padà a máa lé ọ̀dọ́ tí agbára ń gùn sílé. Awakọ̀ tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ dunjú ni ìdíje yìí ń wá, ìwé kékeré ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ṣì kù. Oníbàṣé yóò fẹ́ táyà ẹ̀yìn padà sí kílò 2.4, yóò tún fún nọ́ọ̀tì le, yóò wo epo ẹ̀rọ, yóò dá ṣọ́bìrì àti táyà ìrọ́pò padà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò sì dè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni títì. Ojú tí ó ti rí 140 ní ọ̀sán a máa rí 80 ní alẹ́ bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí eré náà kì í tètè gba ọ̀nà ilé. Wọn a kọ́kọ́ jókòó, wọn a jẹun, wọn a sì fi ìwé wọn han ara wọn títí ara yóò fi balẹ̀.